Ọ̀pá Ìmúdọ́gba Inú Ẹ́ńjìnì: Ìdí Tí Àmì Nìkan Kò Fi Tó

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì sọ ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí yóò ṣe ìlú láǹfààní. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni àwa olùkọ́ tún gbé dé. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni a ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ti òní.

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọ̀pá irin méjì kan tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń rìn ní ìgboro wa. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní báláńsì ṣáàfù. Àwa yóò máa pè é ní ọ̀pá ìmúdọ́gba nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dojú kọ agbára tí ń ti ẹ́ńjìnì sókè sódò, kí ó mú un dọ́gba, kí ìgbọ̀n má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀. Ọ̀pá yìí kì í gbé ọkọ̀ rìn. Kì í fa epo, bẹ́ẹ̀ ni kì í tan iná. Bí ó bá dákẹ́ iṣẹ́, ọkọ̀ yóò ṣì máa lọ. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tò ó lódì nígbà àtúnṣe, owó tí yóò ti ọwọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ jáde kì í ṣe kékeré, orúkọ rere tí ọ̀gá kan fi ogún ọdún kó jọ sì lè bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ ẸŃJÌNÌ GBỌ̀N

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ẹ́ńjìnì oní-síléńdà mẹ́rin tí wọ́n tò sí ìlà kan, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Písítìnì mẹ́rin ni ó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Apá irin kan so písítìnì kọ̀ọ̀kan mọ́ kíráńkì tí ó wà nísàlẹ̀. Kíráńkì yìí ni ó ń sọ lílọ sókè sódò náà di yíyípo tí ń gbé taya lọ. Písítìnì kìíní àti ìkẹrin jọ ń rìn pọ̀. Ìkejì àti ìkẹta náà jọ ń rìn pọ̀. Bí méjì bá ń sọ̀ kalẹ̀, méjì á máa gòkè.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè bi wá pé: bí méjì bá ń gòkè tí méjì sì ń sọ̀ kalẹ̀, ṣebí wọ́n ti dọ́gba? Níbo ni ìgbọ̀n tún ti ń wá? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára apá irin tí ó so písítìnì mọ́ kíráńkì. Apá yìí kì í dúró gangan. Bí kíráńkì ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni apá náà ń fì sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí fífì yìí, nígbà tí kíráńkì bá fi yí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, písítìnì tí ń ti òkè bọ̀ ti rìn ju ìdajì ọ̀nà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ kò tíì rin ìdajì tirẹ̀. Ìrìn wọn kò dọ́gba, agbára wọn kò sì lè pa ara wọn tán. Ìyókù agbára yẹn ni ó ń gbé ẹ́ńjìnì sókè, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kíráńkì kan ṣoṣo.

Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn. Bí eré ẹ́ńjìnì bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ń mì ín yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí písítìnì bá sì ti wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ìgbọ̀n náà yóò ti le tó. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnì kékeré fi lè ṣe é láìní ọ̀pá ìmúdọ́gba, tí ó sì jẹ́ pé àwọn tí ó tó lítà méjì sókè ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ sábà máa ń fi í sí.

ỌGBỌ́N TÍ WỌ́N TA SÍ I

Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Frederick Lanchester, ẹni tí a bí ní ọdún 1868 tí ó sì kú ní ọdún 1946, ni ó ta ọgbọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ohun tí ó rí kò ṣòro láti yé wa. Ọmọdé tí ó bá so òkúta mọ́ okùn, tí ó ń fì í yípo, mọ̀ pé òkúta náà ń fa òun lọ́wọ́ síbi tí ó bá kọjú sí. Bí irin tí ó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń yí, ó ń fà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Lanchester wá mú ọ̀pá irú rẹ̀ méjì, ó mú kí wọ́n máa yí ní ìlọ́po méjì eré kíráńkì, ọ̀kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Nígbà tí ìkíní bá ń fà sí ọ̀tún, ìkejì á máa fà sí òsì, wọn á sì pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan òkè àti ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ fà pọ̀. Fífà pọ̀ yìí ni wọ́n fi ń kojú agbára tí ń mi ẹ́ńjìnì.

Ọdún pọ̀ kí ọgbọ́n náà tó di ohun tí ó wọ́pọ̀. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Mitsubishi ní ilẹ̀ Jàpáánù gbé ẹ́ńjìnì kan jáde tí ó ní ọ̀pá méjì yìí; wọ́n fi ọ̀kan sókè ju èkejì lọ, kí ó lè dín fífì ẹ́ńjìnì sọ́tùn-ún sósì kù pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ Porsche ti ilẹ̀ Jámánì pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀ fún ọkọ̀ eré, san owó fún Mitsubishi kí wọ́n lè lo ọgbọ́n náà nínú ọkọ̀ 944 wọn, èyí tí ó jáde ní ọdún 1982. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò bá tijú láti kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí ni yóò mú ìtìjú bá wa láti ṣí ìwé?

Ẹ má ṣe rò pé ohun òkèèrè tí kò kàn wá ni a ń sọ. Ọkọ̀ tọ́kunbọ̀ ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Honda Accord oní 2.2 lítà ti àwọn ọdún 1990 ní in, bẹ́líìtì ni ó sì ń yí i. Ọ̀pọ̀ Mitsubishi oní lítà 2.0 àti 2.4 náà ní in, tí bẹ́líìtì ń yí. Toyota Camry oní 2.4 lítà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún ọdún 2002 ní tirẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n eyín kíráńkì ni ó ń yí ti Camry, kò lo bẹ́líìtì.

ÀKÓKÒ NI GBOGBO RẸ̀

Ẹ̀yin ìyá wa mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí ju mẹkáníìkì lọ. Bí ènìyàn méjì bá ń gún iyán nínú odó kan, ọmọrí odó ń lọ, ọmọrí odó ń bọ̀, iṣẹ́ á yá, iyán á sì kúná. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní àkókò tí kì í ṣe tirẹ̀, igi á pàdé igi. Agbára kò dín kù, odó kò yí padà. Àkókò nìkan ni ó ṣì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá ìmúdọ́gba. Ìlànà rẹ̀ rọrùn: nígbà tí písítìnì èyíkéyìí bá dé òkè pátápátá, agbára ìyókù ń gbé ẹ́ńjìnì sókè, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tí ó wúwo lára ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá wọ̀nyí ń yí ní ìgbà 6,000, èyí tí í ṣe ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí wọ́n bá kọjú sí ní ọjọ́ tí mẹkáníìkì dá bẹ́líìtì padà ni wọn yóò máa kọjú sí ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, títí di ọjọ́ tí ẹnìkan yóò tún tú u.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà ṣì. Bí ó bá jẹ́ pé eyín bẹ́líìtì kan péré ni ó fò, ìgbọ̀n náà lè má pọ̀. Awakọ̀ lè má mọ̀ ọ́n títí yóò fi dé orí eré kan pàtó. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pá méjèèjì ni ó kọjú sókè nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kọjú sísàlẹ̀, wọn kò pa ìgbọ̀n mọ́. Wọ́n ń fi kún un ni, ọkọ̀ náà yóò sì burú ju èyí tí kò ní ọ̀pá rárá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó kọjú sódì, èyí tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì kò ní lè jọ fà sókè tàbí sísàlẹ̀ mọ́, nítorí náà ìgbọ̀n àtijọ́ wà níbẹ̀ láìsàn. Wọn yóò sì wá máa jọ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìgbọ̀n tuntun yóò tún dé bá ti àtijọ́. A wá oògùn ẹyọ kan, a tún ra àrùn kejì.

ÀMÌ NÌKAN KÒ TÓ Ẹ̀RÍ

Ibi yìí ni ó wù wá kí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́tí sí jù lọ. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé àmì wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí bẹ́líìtì ń kọjá lórí wọn. Wọ́n kọ́ yín pé kí ẹ mú àmì bá àmì, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì sí i. Fún kíráńkì àti káàmù, ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n fún ọ̀kan nínú ọ̀pá ìmúdọ́gba méjèèjì, àmì lè bá àmì mu kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ sì kọjú sódì.

Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Nínú ẹ́ńjìnì Mitsubishi tí a ń wí, kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń wò níta, ti pọ́ǹpù ọ́ìlì ni. Eyín irin tí ó wà nínú pọ́ǹpù ni ó ń gbé yíyí náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá. Bí kẹ̀kẹ́ òde bá yí lẹ́ẹ̀kan tí àmì rẹ̀ padà sí ipò, ọ̀pá inú lè má tíì padà sí ipò tirẹ̀. Ojú òde ń rẹ́rìn-ín, inú ilé kò sì tòrò.

Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnì mọ èyí, wọ́n sì fi ihò kan sí ara rẹ̀ tí wọ́n fi bóòtì dí. Ìdánwò tí wọ́n kọ sínú ìwé àtúnṣe rẹ̀ nìyí: kí a tú bóòtì náà, kí a ki sùkúrúdíráfà tí ìbú ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8 bọ inú ihò. Bí ó bá wọlé tó mìlímítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá kọjú síbi tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 20 sí 25 péré ni ó wọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ó wúwo ni ó dí i lọ́nà. Kí a yí kẹ̀kẹ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì ní ìyípo kan, kí a tún mú àmì bá àmì, kí a sì tún dán an wò. Kí sùkúrúdíráfà náà wà nínú ihò títí a ó fi gbé bẹ́líìtì lé e, kí ọ̀pá má bàa yẹ̀.

Ti Honda Accord 2.2 lítà jọ ọ́. Ọ̀pá ti iwájú ní àmì tí a lè fojú rí. Ṣùgbọ́n fún ti ẹ̀yìn, bóòtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6 tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 100 ni a ń lò; a ó fi nǹkan fa ìlà sí i lára ní mìlímítà 74 láti ìdí rẹ̀, a ó sì kì í bọ ihò títí ìlà náà yóò fi kan ẹnu ihò. Bí kò bá wọlé dé ibẹ̀, ọ̀pá kò sí ní ipò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a fi ọwọ́ yí kíráńkì ní ìyípo méjì gbáko, kí a rí i pé kò sí ohun tí ó há, kí àmì kíráńkì àti ti káàmù sì padà bọ́ sí ipò wọn, kí a tó tan ọkọ̀.

Ẹ wò ó: bóòtì kan, ìlà kan àti rúlà ọmọ ilé ìwé. Ohun tí ó pín mẹkáníìkì méjì níyà kò ju èyí lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

OHUN TÍ ÀÌMỌ̀ Ń NÁ WA

Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ ní irú Accord yìí. Ọkọ̀ náà dára kí ó tó gbé e lọ pààrọ̀ bẹ́líìtì. Nígbà tí ó gbà á padà, jígí ẹ̀yìn ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kan tí ó wà lẹ́yìn fi ń dà bí méjì, ọwọ́ awakọ̀ sì ń kú tipiri lórí ìdarí. Ó dá a padà. Wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó ra púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ní síìtì ẹ́ńjìnì ni. Ó ra síìtì mẹ́ta. Ìgbọ̀n náà sì wà síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́wọ́ síìtì. Níkẹyìn, wọ́n ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí ó lọ ra tọ́kunbọ̀ mìíràn. Owó ilé ìwé ọmọ méjì ni ó fẹ́ gbé sílẹ̀ fún un. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ìwé ẹ́ńjìnì náà, tí ó tú bóòtì ẹ̀gbẹ́, tí ó ki bóòtì elílà bọ ihò, tí kò sì wọlé. Láàárín ọ̀sán kan ó tò ó tán, ìgbọ̀n náà sì lọ. Kò rà ju bẹ́líìtì lọ.

A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ṣe, wọn kò sì kọ́ ọ dé ibẹ̀. Ohun tí ó dun wá ni pé ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tí kò mọ̀ náà ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò gbé lọ sí ìlú mẹ́fà.

Àwọn mìíràn, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá sú wọn, a máa yọ bẹ́líìtì kékeré tí ń yí ọ̀pá náà dànù, wọn a ní ọkọ̀ ṣì ń lọ. Lóòótọ́ ni ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ yóò máa jẹ síìtì ẹ́ńjìnì, yóò máa tú bóòtì díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa rẹ awakọ̀ tí ń lọ ọ̀nà jíjìn. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ rí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ ṣe é, ó tọ́ kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe kí ó máa gbọ̀n kiri láìmọ ohun tí ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí a má ṣe dá bẹ́líìtì kékeré àtijọ́ padà nítorí àtirọ́wó pamọ́ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ ńlá. Nínú ẹ́ńjìnì Mitsubishi, bí kékeré bá já, ó lè wé mọ́ ńlá, kí ó mú un fò. Fáàfù yóò sì pàdé písítìnì. Bẹ́líìtì kékeré yóò wá pa ẹ́ńjìnì odindi.

OHUN TÍ A Ń BẸ ẸGBẸ́ FÚN

Alága wa, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ fi síwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra ìwé àtúnṣe àwọn ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù lọ láàárín wa, kí a kó wọn sí gbọ̀ngàn yìí, níbi tí mẹkáníìkì èyíkéyìí ti lè wá wò wọ́n. Òótọ́ ni pé a lè rí díẹ̀ lára wọn lórí fóònù lónìí, ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà lórí tábìlì ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ lè jọ tẹ̀ ba lé lórí.

Èkejì, kí a dá ẹ̀kọ́ alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, fún kíka àwòrán ẹ̀rọ, lílo rúlà àti ìṣirò. Àwa olùkọ́ ti ṣetán láti kọ́ wọn láìgba owó. Bí ẹ bá fún wa ní iná àti àga, ó tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe fún ọmọ iṣẹ́ ní òmìnira nítorí pé ọdún rẹ̀ pé nìkan. Ẹ bi í ní ìdí. Ẹ bi í pé: èéṣe tí ọ̀pá yìí fi ń yí ní ìlọ́po méjì? Èéṣe tí wọ́n fi jẹ́ méjì? Báwo ni o ṣe mọ̀ pé ó kọjú síbi tí ó yẹ? Bí ó bá lè dáhùn, yóò lè tún ọkọ̀ tí a kò tíì ṣe lónìí ṣe. Bí kò bá lè dáhùn, ọwọ́ ni ẹ kọ́, ẹ kò tíì kọ́ orí.

Ẹ̀yin onímọ́tò náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má ṣe máa dúró lé mẹkáníìkì lórí pé kí ó yára. Ìdánwò tí a sọ yìí kò gba àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń sáré lé lórí ni yóò kọ́kọ́ fò ó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bi í pé, “Ṣé o ki nǹkan bọ ihò ẹ̀gbẹ́ wò?” Ẹ ó rí i pé ìbéèrè kan bẹ́ẹ̀ lè dá owó yín sí.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó dà bí ọ̀pá yìí ní ìlú. Akọ̀wé ẹgbẹ́, akápò, olùkọ́, àwọn tí ń ro ọ̀nà odò: kì í ṣe àwọn ni ó ń gbé ọkọ̀ rìn, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ wọn ní àkókò ni gbogbo ara fi ń balẹ̀. A kì í rí iṣẹ́ wọn àfi ní ọjọ́ tí ó bá ṣì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa, níbi tí ojú kò tó.

Kí ìlú wa máa gòkè àgbà. Àṣẹ.